Abọ́ Píìnì Méjì

“Ẹ̀yin adájọ́ wa ọlọ́wọ̀, ẹ má fi bí nǹkan ṣe tóbi tó wọn bó ṣe wúwo tó o!”

Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ni Rédíò ń bá sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ilé-ìwé ni. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ sílé, ni ọmọbìnrin náà bá sọ àwọn ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù di adájọ́. Rédíò kọ́ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fún un, nítorí pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àfi kéèyàn máa wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á.

Abọ́ oníke méjì tó jọra bí ìbejì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Píìnì aránṣọ ló wà nínú wọn. Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ́ díje, ló jókòó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí orí ìka rẹ̀ fi wú. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣàlàyé kò ṣòro. Nínú átọ́ọ̀mù, ẹyọ kékeré tí gbogbo nǹkan ayé fi ara jọ, pírótọ́ọ̀nù àti nútírọ́ọ̀nù há mọ́ra ní kókó àárín, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń rábàbà yí wọn ká. Bí a bá ní píìnì kan ṣoṣo ni ìwọ̀n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, a jẹ́ pé ìwọ̀n pírótọ́ọ̀nù kan yóò jẹ́ ẹgbẹ̀sán píìnì ó lé mẹ́rìndínlógójì. Nútírọ́ọ̀nù wá fi nǹkan bíi píìnì méjì ààbọ̀ wúwo jù ú lọ. Wọn ò lè gé píìnì sí méjì, ni Jẹ́jẹ́ bá fi mẹ́ta lé ti nútírọ́ọ̀nù. Píìnì mẹ́ta péré ló wà láàárín abọ́ kan àti èkejì.

Fún Rédíò, ìdíje ni ìdíje. Fún Jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tún kíláàsì kan kà rí, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í yá, bí tíṣà bá sì bi í ní nǹkan, ohun tó mọ̀ náà á sá lọ. Bàbá rẹ̀, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù, ti ní òun máa wá wo ìdíje náà fúnra òun. Bó bá rí i pé ọmọ òun mọ ohun tó ń ṣe, ilé-ìwé ń tẹ̀ síwájú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onídìrí ló ń lọ ní Mọ́ńdè.

“Iṣẹ́ irun ò burú,” Jẹ́jẹ́ ti sọ fún Rédíò nígbà tó ń gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́ pé kó tọ́jú wọn. “Àmọ́ èmi ò fẹ́ ẹ. Físíìsì ni mo fẹ́.” Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni pé ẹnì kan lè gbọ́ kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ wo nútírọ́ọ̀nù!” Rédíò kígbe mọ́ àwọn ẹ̀rọ, ó sì na ọwọ́ bí agbẹjọ́rò tó rí owó gbà. Ọwọ́ gbá abọ́. Abọ́ dojú dé. Píìnì fọ́n ká ilẹ̀: abẹ́ ẹ̀rọ, inú èérún aṣọ, àárín àwọn píìnì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti já sílẹ̀ láti àárọ̀.

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Kò sẹ́ni. Ó sáré mú irin òòfà ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n yọ lára sípíkà kan tó bàjẹ́, tí wọ́n fi máa ń ṣa píìnì nílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó fà á káàkiri ilẹ̀. Píìnì ń fò mọ́ ọn, wọ́n bò ó bí irùngbọ̀n. Ó ń ha wọ́n sínú abọ́, ó tún ń padà lọ, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èwo ni ti Jẹ́jẹ́, èwo ni ti ìyá rẹ̀? Mélòó ló ṣì wà lábẹ́ àpótí tí kò ṣeé gbé? Ọ̀nà kan ló wà: kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Rédíò jókòó. Ó kà dé igba ó lé díẹ̀, oníbàárà kan yọjú: “Ìyá rẹ ń kọ́?” Kó tó dá a lóhùn tán, iye tó kà ti fò lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, ojú ń ṣú u, ni ọkàn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ̀rọ̀ dídùn. Adájọ́ wo ló máa jókòó ka píìnì? Ta ni kò níṣẹ́ ṣe tó bẹ́ẹ̀?

Ó da gbogbo rẹ̀ padà. Ó gbé abọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fojú wọ̀n wọ́n. Ti nútírọ́ọ̀nù ga díẹ̀ ju ti pírótọ́ọ̀nù lọ. Ó ga nítorí pé àwọn píìnì tó ti fara kan òòfà ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń dúró gàdàgbà lórí ara wọn, wọn ò sùn pẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti abọ́ kejì. Rédíò rí i pé wọ́n ń dì mọ́ra, kò sì rò ó síwájú. Lójú tirẹ̀, èyí tó ga jù ló pọ̀ jù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún ẹ̀rọ mẹ́ta pé kí wọ́n má fi títóbi díwọ̀n wíwúwo nìyẹn o.

Ìyá rẹ̀ wọlé. “Ṣé nǹkan yín ti pé?”

“Ó ti pé, Màámi.”

“Ṣé ẹ tún un kà? Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó yẹn, kì í ṣe mímì fún adìẹ o.”

“Jẹ́jẹ́ ti kà á, mà.”

Òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Rédíò fi ìdérí dé abọ́ náà pa.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn ìdíje kún dẹ́nu. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní tábìlì tirẹ̀. Tíṣà físíìsì wọn, ọkùnrin tínrín kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà á, ń lọ ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Bàbá Jẹ́jẹ́ jókòó ní ìlà iwájú, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù náà sí ẹ̀gbẹ́ títì níta pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò ráyè.

“Bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan ńkọ́?” Jẹ́jẹ́ sọ sí Rédíò létí.

“Ìwọ ṣáà dúró. Ẹnu mi ló ń ṣiṣẹ́ lónìí.”

Adájọ́ mẹ́ta dé ìdí tábìlì wọn. Àgbà wọn jẹ́ ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, tó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn. Rédíò bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó mú píìnì ẹyọ kan sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn ò tiẹ̀ rí nǹkan kan. “Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nìyí!” Ó gbé abọ́ kìíní sókè. “Pírótọ́ọ̀nù nìyí!” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. “Nútírọ́ọ̀nù sì nìyí, tó fi díẹ̀ báyìí wúwo jù ú lọ. Ẹ̀yin adájọ́ wa ọlọ́wọ̀, ẹ má fi bí nǹkan ṣe tóbi tó wọn bó ṣe wúwo tó o!”

“Ọ̀rọ̀ gidi,” ni adájọ́ àgbà wí. “Èmi náà ò wá ní fojú wọ̀n ọ́n.” Ó yíjú sí tábìlì ilé-ìwé tó tẹ̀ lé tiwọn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní ìwọ̀n alábọ́ méjì yín yẹn.”

Wọ́n gbé ìwọ̀n náà dé. Wọ́n gbé abọ́ kan sápá ọ̀tún, wọ́n gbé èkejì sápá òsì. Ìwọ̀n mì lọ, ó mì bọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Ó wá dúró. Pírótọ́ọ̀nù wà nísàlẹ̀. Nútírọ́ọ̀nù gòkè gẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ọmọdé tó bá àgbàlagbà gun jangirọ́fà.

“Hẹn-ẹ́n,” ni adájọ́ wí. “Ta ló kà á?”

“Èmi ni, mà,” ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Èyí tí ẹ ní ó wúwo jù ló fúyẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré o, ọmọ mi. Ká ní bí nútírọ́ọ̀nù ṣe rí láyé nìyí, pírótọ́ọ̀nù ò ní lè dá dúró, á máa yí di nútírọ́ọ̀nù ni. Háídírójìn ò ní sí. Bí háídírójìn ò bá sí, omi ò sí. Bí omi ò bá sí, ta ló máa wá ṣe ìdíje?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ki ọwọ́ bọ inú abọ́ nútírọ́ọ̀nù, ó fi ìka méjì mú píìnì kan, ni ọ̀wọ́ píìnì bá so rọ̀ mọ́ ọn. Ó bu ti pírótọ́ọ̀nù, wọ́n sì já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ gíláàsì sójú. “Kí ló dé tí tibí ń lẹ̀ mọ́ra?”

Jẹ́jẹ́ mọ ohun tó dé. Ó ti bá wọn fi òòfà yẹn ṣa píìnì ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àìmọye ìgbà. Ó yí orí díẹ̀díẹ̀, ó sì wo ojú Rédíò. Kò fi ojú náà bínú, kò fi bẹ̀bẹ̀, ó kàn ń dúró ni. Rédíò tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nílé lóko wá rí i pé bàtà òun ń fẹ́ fífọ̀. Ó tẹjú mọ́ bàtà náà, kò sì fọhùn.

Jẹ́jẹ́ náà kò fọhùn. Kì í ṣe pé kò ní ohun tó lè sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ kó sọ ọ́.

“Ó ti tó.” Bàbá Jẹ́jẹ́ ló dìde yẹn. “Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tí kò lè ka píìnì, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe? Máa bọ̀ níbí.” Jẹ́jẹ́ tẹ orí ba, ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ láàárín àwọn àga, ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn wọn.

“Máa bá a lọ,” ni Tíṣà ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn Rédíò. “Máàkì àlàyé pọ̀. Máa bá a lọ!”

“Ṣé wàá máa bá a lọ?” ni adájọ́ àgbà bi í. “Àlàyé rẹ dára, ọwọ́ ṣì lè tẹ ẹ̀bùn. Àmọ́ ẹni tó bá kúrò nídìí tábìlì ká tó fún un ní máàkì, ó ti jáde nínú ìdíje nìyẹn. Mo ní kí n tètè sọ.”

Rédíò gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí tábìlì mú. “Ẹ̀yin adájọ́ wa ọlọ́wọ̀,” ló wí. Láti ojú fèrèsé, ó ń gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ṣí. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, Jẹ́jẹ́ ti lọ nìyẹn. Ìtìjú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ẹ̀yin adájọ́ wa, Jẹ́jẹ́ kà á pé. Èmi ni mo dà á nù. Mo fi òòfà ṣà á, mo sì fojú wọ̀n ọ́n.” Kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ó sọ gbohùngbohùn kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ.

Jẹ́jẹ́ ti wà nínú ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, fóònù wà létí rẹ̀: “Ẹ ṣé o, ìyá onírun. Ní Mọ́ńdè ló máa—”

“Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, sà! Òun kọ́! Èmi ni!” Rédíò ń mí hẹlẹ, àmọ́ ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: abọ́ tó dojú dé, òòfà, irọ́ tó pa fún ìyá rẹ̀.

Dírẹ́bà gbé fóònù kúrò létí díẹ̀. “Ọ̀rẹ́ ń gbèjà ọ̀rẹ́. Ṣé ọmọdé lo pè mí ni?”

“Òtítọ́ ni mo ń sọ, sà.”

“Ó dáa.” Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. “Ìwọ, sọ̀ kalẹ̀. Kí lo kà?”

Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó wo ilẹ̀. Rédíò mọ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí bí wọ́n bá bi í ní nǹkan. “Ó kà—” ló bẹ̀rẹ̀.

“Ìwọ, dákẹ́!” ni bàbá náà wí. “Nígbà tó yẹ kí o sọ̀rọ̀, o ò sọ. Ọmọ mi ni mò ń bi.”

Rédíò fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Àwọn mọ́tò ń kọjá ní títì. Fóònù bàbá Jẹ́jẹ́ ṣì ń ké “Ẹ̀lóò? Ẹ̀lóò?” lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàámi,” Jẹ́jẹ́ wá sọ, ó rọra ń sọ ọ́, “ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kó fóòmù, tó ga kọjá orí ọkọ̀, tí ẹ ní ọkọ̀ ń sáré bíi pé kò rù nǹkan?”

“Mo rántí.”

“Lọ́jọ́ kejì ẹ kó irin. Kò tiẹ̀ bo ilẹ̀ ọkọ̀ tán, síbẹ̀ ó ń fà yín lẹ́yìn. Títóbi lọ́tọ̀, wíwúwo lọ́tọ̀. Ohun tí mo kà nìyẹn. Pírótọ́ọ̀nù àti nútírọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, nútírọ́ọ̀nù kàn fi díẹ̀ wúwo jù ni. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìwọ̀n, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó rí títóbi rẹ̀ wọ̀n, ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ ayé lè rí lọ.”

“Ohun tí kò ní títóbi, báwo ló ṣe ń gba àyè?”

Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè. Ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn, ó hàn lójú rẹ̀. “Ìrìn rẹ̀ ló ń gba àyè, sà. Bí orí píìnì kan bá jẹ́ pírótọ́ọ̀nù inú háídírójìn, tí ẹ gbé e sí àárín gbùngbùn pápá bọ́ọ̀lù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ á máa rìn dé ìdí àwọ̀n góòlù méjèèjì. Gbogbo àárín yẹn, òfìfo ni.”

Dírẹ́bà na ọwọ́, ó kan ara ọkọ̀ rẹ̀ kó, kó. “Irin yìí náà?”

“Irin yìí náà, Bàámi. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òfìfo ni.”

Ọkùnrin náà wo irin, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ yìí kẹ́yìn. Ó gbé fóònù padà sí etí. “Ìyá onírun, ẹ má bínú. Ọmọ náà ò ní lè wá ní Mọ́ńdè mọ́. Ilé-ìwé ló ń lọ.” Jẹ́jẹ́ bú sẹ́kún. Rédíò náà bú sí i, ó sì ṣì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Dírẹ́bà wá yíjú sí i. “O ṣeun tí o sáré wá. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ. Ìdákẹ́ tí o dákẹ́ yẹn kò pẹ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó lanu, èmi ti dìde.”

Rédíò yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Jẹ́jẹ́, jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

“Mo wojú rẹ,” ni Jẹ́jẹ́ wí. “Ṣé o rí mi?”

“Mo rí ẹ.”

“O wá wolẹ̀.” Jẹ́jẹ́ nu ojú, ó gun ọkọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ilé-ìwé wọn kò gba nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Tíṣà kò bá Rédíò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé, ìyà tí ọ̀gá ilé-ìwé sì fi jẹ ẹ́ tọ́ sí i. Kò sí èyí tó dùn ún tó àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, nítorí Jẹ́jẹ́ ti lọ jókòó síwájú, níbi tí tíṣà ti lè bi í ní ìbéèrè. Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó tún jọ rìn lọ sílé. Nígbà tí wọ́n jọ rìn, ọ̀rọ̀ píìnì kọ́ ni wọ́n sọ, ìṣirò tó le ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun kékeré kì í ṣe ohun tí kò sí. Píìnì mẹ́ta lè kéré lójú ẹni tí kò kà á, ìdákẹ́ ìṣẹ́jú kan lè kéré lójú ẹni tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi ló mọ bó ṣe wúwo tó. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á ò tíì sí. Àmọ́ lónìí, bí wọ́n bá ń dá ẹlòmíràn lẹ́bi ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kì í dúró kí bàbá ọmọ kankan dìde kó tó sọ̀rọ̀.